Wolé-wolé Wo Ilé, Ta Ni Ó Wo Ojú?

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí kò ti ọ̀dọ̀ Odùduwà wá, ṣùgbọ́n tí ó ti di ọmọ onílé láàrin wa. Ọ̀rọ̀ náà ni wolé-wolé. Láyé ìjọba òyìnbó ni àwọn ará Èkó àti ti àwọn ìlú ńlá mìíràn fi orúkọ yìí pe àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí wọ́n máa ń wọ agbolé láàárọ̀, tí wọ́n ń yẹ abẹ́ ibùsùn, ẹ̀yìn ilé ìdáná àti inú àmù wò. Ẹni tí ó sọ wọ́n lórúkọ náà mọ ohun tí ó ń sọ. Ilé ni wọ́n ń wò. Bí wọ́n bá rí ìdin ẹ̀fọn nínú omi mímu, wọn a da omi náà nù, wọn a sì fi ìwé ìpè kóòtù lé onílé lọ́wọ́. Bí aláìsàn bá sùn sí kọ̀rọ̀ ilé kan náà, tí ara rẹ̀ ń gbóná, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tiwọn. Dókítà ni ó ni ín.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn bí mo ṣe ń sọ ìtàn ọ̀nà tí ìjọba gbà ń ṣọ́ àwọn ilé ìtọ́jú ojú aládàáni ní agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò, ní ìwọ̀-oòrùn Èkó. Ní èrò tèmi, ìtàn wolé-wolé tí ó pààrọ̀ aṣọ ni. Láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni a ti ń kọ́ bí a ṣe ń wo ilé, a sì ti mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí a ṣe ń tẹ̀ lé ojú tí a tọ́jú nínú ilé náà, láti wo ohun tí ó padà dà, ni òfin wa kò tíì fi gbogbo ara gbà níṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Erékùṣù Èkó. Ní 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku àti eégbọn ara rẹ̀ ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di nǹkan bí 1930. Àrùn náà ló sọ iṣẹ́ wolé-wolé di ohun tí ọmọdé àti àgbà mọ̀. Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Glasgow, ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀gá elétò ìlera ìlú Èkó. Orúkọ rẹ̀ kò ṣeé yà kúrò lára ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó tí ó wà ní Yábàá, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn wolé-wolé níṣẹ́. Eku ni wọ́n ń pa, ilé tí eku fi ṣe ibùgbé ni wọ́n sì ń wó. Ní 1928 ni ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀, Lagos Executive Development Board, kí ó lè tú àwọn àdúgbò tí ó há gádígádí ká. Ìgbà náà ni ó ti wọ ìjọba wa lára pé bí a bá fẹ́ gba ẹ̀mí là, ilé ni kí a kọ́kọ́ dojú kọ. N kò sọ pé èrò burúkú ni. Àrùn eku kúrò ní Èkó lóòótọ́. (Ìyá bàbá mi kò dárí ji àwọn wolé-wolé títí ó fi kú. Ó ní omi àmù òun mọ́ ju omi tí adájọ́ ń mu lọ.)

Ọ̀jọ́ àti Ìbà kò sí nínú ìlú tí Olúwọlé ń ṣọ́. Ìletò Àwórì ni wọ́n nígbà náà, lẹ́bàá ọ̀sà àti létí igbó, ní ọ̀nà Àgbádárìgì. Iṣẹ́ ẹja, oko àti òwò orí omi ni wọ́n fi ń jẹun. Títì ni ó yí wọn padà. Láàrin àwọn ọdún 1970 ni a la títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì. Ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́ ní 1975. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n ibùdókọ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀ ṣì ń jẹ́ Volks. Àwọn oníṣòwò rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kó wá sí Aláàbà, ọjà wọn sì di èyí tí gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mọ̀. Ìjọba Lateef Jákàńdè, tí ó ṣàkóso láti 1979 sí 1983, kọ́ ilé alówó-pọ́ọ́kú sí Ìbà, ó sì dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní 1983. Bárékè àwọn ológun tún wà níbẹ̀. Nígbà tí ó fi di 1989 tí Ọ̀jọ́ di ìjọba ìbílẹ̀, àti 2003 tí Ìbà gba agbègbè ìdàgbàsókè tirẹ̀, ibi tí a ń pè ní abúlé ti di ìlú tí ó há ju Erékùṣù ayé Olúwọlé lọ. Ètò ìkànìyàn 2006 ka nǹkan bí 600,000 ènìyàn ní Ọ̀jọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ sì jiyàn pé iye náà kéré jù.

Ẹ wo irú iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń ṣe. Ẹnì kan ń jó irin mọ́ irin. Ẹnì kan ń fi òjé so wáyà pọ̀ nínú rédíò láti àárọ̀ di alẹ́. Ọlọ́kadà ń sáré nínú eruku láìfi nǹkan bojú. Akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kò rí ojú pátákó kà, ó sì rò pé òun ni òye òun kò tó. Ká tó wá débi àwọn arúgbó. Ìwádìí ńlá tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà láàrin 2005 sí 2007, tí a fi yẹ ojú ènìyàn tí ó lé ní 13,000 wò, fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tí ó ti pé ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lé ní 4 tí ó fọ́jú. Katarákítì, èyí tí ń mú kí ẹyinjú ṣú bí ìkuukùu, ni ó fọ́ ojú 43 nínú 100 wọn. Glaukómà, tí ń jí ìríran gbé díẹ̀díẹ̀ láìsí ìrora, ni ó fọ́ ti nǹkan bí 17. Púpọ̀ jù lọ nínú ìfọ́jú yìí ni a lè dènà tàbí kí a wò sàn.

Níbo ni ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣú ní Òkókómáíkò yóò gbà lọ? Ilé ìtọ́jú ojú Guinness wà nínú ọgbà LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH sì wà ní Ìkẹjà. Ẹni tí ó bá mọ títì Àgbádárìgì láti 2009 tí a ti gbé àtúnṣe rẹ̀ dáwọ́ lé, mọ̀ pé ìrìn àjò ni, kì í ṣe ìrìn ìdajì wákàtí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ìtọ́jú ojú aládàáni fi hù lẹ́bàá títì náà. Láti Ìyànà-Ìbà lọ síwájú ni ènìyàn yóò ti máa rí pátákó tí a ya ojú ńlá kan sí, ojú tí kì í ṣẹ́jú, tí a kọ nọ́ńbà tẹlifóònù sí abẹ́ rẹ̀. N kò bá àwọn tí ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà kẹ́gbẹ́. Ibi tí ìjọba kò dé ni wọ́n dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ń ríran lónìí nítorí wọn.

Ṣùgbọ́n èdè wa dá kún ìṣòro ẹni tí ń wo pátákó yìí. Orúkọ kan ṣoṣo ni a ní fún gbogbo ẹni tí ó bá jókòó sínú ilé náà: dókítà ojú. Òfin ní tirẹ̀ mọ ènìyàn mẹ́ta. Èkíní ni dókítà tí ó parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn gbogbo ara, tí ó tún lo ọdún mélòó kan sí i lórí ojú. Òun nìkan ni ó láṣẹ láti fi abẹ kan ẹyinjú. Èkejì ni ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìríran ní yunifásítì, tí ó mọ bí a ṣe ń wọn ojú, tí ó lè kọ gíláàsì fún ènìyàn, tí ó sì lè rí àmì glaukómà kí aláìsàn fúnra rẹ̀ tó fura. Kò láṣẹ láti ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ń gé dígí gíláàsì, tí ń fi í sínú férémù bí èkejì ti kọ ọ́. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ewu wà níbi tí ẹ̀kẹta bá ti ṣe iṣẹ́ èkejì, tàbí tí èkejì bá ní kí òun dán iṣẹ́ èkíní wò, tí ìyá arúgbó tí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì sì ń kí gbogbo wọn pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà.” Kò sí ohun tí yóò jẹ́ kí ó mọ ìyàtọ̀. Èmi a máa rò ó pé bí Yorùbá ṣe ya onífá sọ́tọ̀ kúrò lára oníṣègùn, tí a ya oníṣègùn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ń ta egbòogi lọ́jà, ó yẹ kí a ti wá orúkọ mẹ́ta fún àwọn mẹ́ta yìí kí ìjọba tó wá a.

Ìjọba wá tirẹ̀ ní ọ̀nà méjì, ibẹ̀ sì ni okùn náà ti lọ́ mọ́ra. Ìjọba ológun ṣe Òfin 23 ní 1988, èyí tí ó fi àwọn dókítà sábẹ́ àjọ tiwọn. Ní 1989 ó ṣe Òfin 34, tí ó dá àjọ mìíràn sílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn awọnjú àti àwọn agégíláàsì sílẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn iṣẹ́ àmọ̀dájú tí ilé aṣòfin àpapọ̀ bá yàn wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ń lò kò sí lórí àkọsílẹ̀ yẹn. Ìpínlẹ̀ ni ó ń fún un láṣẹ. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé Àbújá ni ìwé ẹ̀rí ènìyàn ti ń wá, Alausa sì ni ìwé àṣẹ ilé ti ń wá. Ní 2006 ni ilé aṣòfin Èkó ṣe òfin àtúntò ètò ìlera tí ó bí àjọ HEFAMAA, àjọ tí ń forúkọ ilé ìwòsàn sílẹ̀, tí ń bẹ̀ ẹ́ wò, tí ó sì lè fi èdìdì dí ilẹ̀kùn rẹ̀. Òfin náà kan ilé ìwòsàn ìjọba àti ti aládàáni. Ọdọọdún ni ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun. Àwọn onílé ìwòsàn máa ń dárúkọ HEFAMAA bí ìyàwó tuntun ti ń dárúkọ àna. Òfin ìlera gbogbo orílẹ̀-èdè tí ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí ní 2014 tún gbé ọ̀rọ̀ kan kà á: pé kò sí ilé ìtọ́jú tí yóò ṣiṣẹ́ láìní ìwé ẹ̀rí pé ó kájú òṣùwọ̀n.

Kí ni olùbẹ̀wò ń wò nígbà tí ó bá dé? Yóò wo ìwé àṣẹ tí a gbé kọ́ ara ògiri, yóò sì wo ọdún tí ó wà lórí rẹ̀. Yóò béèrè ìwé tí dókítà àti nọ́ọ̀sì fi ń ṣiṣẹ́ ní ọdún náà. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìbéèrè kékeré, nítorí ìwà kan wà tí gbogbo wa mọ̀: ìwé ẹ̀rí dókítà wà lára ògiri ní ìwọ̀-oòrùn Èkó, dókítà tí ó ni ín sì ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Yóò ṣí ẹ̀rọ omi wò bóyá omi ń yọ. Yóò wo jẹnẹrétọ̀, nítorí iná tí ó bá lọ nígbà tí abẹ wà nínú ẹyinjú kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Yóò béèrè bí a ṣe ń se àwọn ohun èlò iṣẹ́ abẹ, ibi tí a ń da abẹ́rẹ́ tí a ti lò sí, bóyá oògùn inú fíríìjì ti kọjá àkókò rẹ̀, àti bóyá fáìlì aláìsàn wà níbi tí ojú tó o. Bí gbogbo rẹ̀ bá burú, èdìdì yóò wọ ilẹ̀kùn. Mo gbóríyìn fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá rò pé ìwé lásán ni, kí ó lọ bi ẹni tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ gbé abẹ́rẹ́ sí lójú.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi í wé iṣẹ́ wolé-wolé ayé Olúwọlé. Ògiri, omi, ìdọ̀tí, ìwé. Ilé ni.

Ojú ní àkókò tirẹ̀ tí kì í bá ti ìbẹ̀wò dọ́gba. Iṣẹ́ abẹ katarákítì kì í sábà gba wákàtí kan. Aláìsàn a máa padà sílé ní ọjọ́ náà gan-an, aṣọ funfun wà lójú kan, ọmọ rẹ̀ a dì í mú gun ọkọ̀. Bí kòkòrò àrùn bá ti wọ inú ẹyinjú rẹ̀ lórí tábìlì, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ ní ọjọ́ náà. Àwọn àgbà ní ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Òwe náà kò ṣiṣẹ́ níhìn-ín: ojú tí iṣẹ́ abẹ ti bà jẹ́ lè mọ́ kedere ní àárọ̀ kejì, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro, kí ó pọ́n, kí ó sì ṣú láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Bí a kò bá tètè fún un ní oògùn láàrin wákàtí díẹ̀ sí i, ojú náà lọ. Ọ̀nà tí ó jìn sí yàrá iṣẹ́ abẹ ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀: lórí ẹní, nínú yàrá kan ní Ìbà, lóru.

Àkókò yìí gan-an ni àwọn kan fi ṣe ìjẹ láti ayébáyé. Àwọn oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí ń kiri wà ní ilẹ̀ wa títí di òní. Wọn kì í yọ katarákítì. Wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà ìmọ́lẹ̀, kí ó ṣubú sẹ́yìn nínú ẹyinjú. Lójú ẹsẹ̀ ni aláìsàn yóò kígbe pé òun rí ọwọ́ òun. Owó yóò pààrọ̀ ọwọ́, oníṣẹ́ yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Nínú ìwádìí 2005 sí 2007 tí mo mẹ́nu bà, ojú 583 ni a rí tí a ti ṣiṣẹ́ katarákítì sí. 249 nínú wọn ni ó jẹ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí, ó sì lé ní 70 nínú gbogbo 100 ojú bẹ́ẹ̀ tí ó ti fọ́ pátápátá nígbà tí a yẹ̀ wọ́n wò. Kì í ṣe dúdú nìkan ni ó mọ ọgbọ́n yìí. John Taylor, tí ó jẹ́ oníṣègùn ojú fún ọba George Kejì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin ta iṣẹ́ abẹ́rẹ́ káàkiri Yúróòpù. Ní 1750 ni ó gún ojú Johann Sebastian Bach, àgbà olórin, lẹ́ẹ̀méjì ní Leipzig. Bach fọ́jú, ó sì kú ní oṣù keje ọdún náà. Ohun tí a fi mọ Taylor jù ni pé ó máa ń jáde kúrò ní ìlú kí a tó tú aṣọ ojú aláìsàn. Kò sí wolé-wolé tí ó lè mú un, nítorí kò ní ilé.

Ilé ìtọ́jú tí ó ní ìwé àṣẹ yàtọ̀ sí Taylor ní pé a mọ ibi tí ó wà. Ìyàtọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n kò tó fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Khurja ti fi hàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1986, ẹgbẹ́ Lions ṣe ètò iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀fẹ́ ní ìlú Khurja, ní Uttar Pradesh ní ilẹ̀ Íńdíà. Ìjọba fọwọ́ sí i. Dókítà gidi ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Nǹkan bí ènìyàn 108 ni a ṣe iṣẹ́ abẹ fún, katarákítì sì ni ti 88 nínú wọn. Nínú 88 yìí, 84 ni ojú tí a ṣiṣẹ́ sí bà jẹ́ kọjá àtúnṣe. Omi oníyọ̀ tí a fi ń ṣan ojú ni a fura sí pé ó gbé kòkòrò àrùn wá. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Íńdíà, tí ó dájọ́ ní 1989 pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ san owó fún àwọn tí ó fara gbá. Bí olùbẹ̀wò kan bá ti dé ibẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, gbogbo ìwé ni yóò bá lójú ara rẹ̀. Omi tí ó wà nínú ìgò náà mọ́ gaara lójú.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìṣẹ́ ni ó fa ti Íńdíà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, ilé ìwòsàn Musgrove Park ní Taunton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ilé iṣẹ́ aládàáni kan láti wá bá a dín iye àwọn tí ń dúró de iṣẹ́ abẹ katarákítì kù. Ènìyàn 62 ni wọ́n ṣe, a sì dá wọn dúró lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin péré, nítorí pé nǹkan bí ìdajì àwọn aláìsàn náà ni ara ojú wọn kò balẹ̀. Ohun tí ó gbà mí lọ́kàn nínú ìtàn yìí ni bí a ṣe tètè mọ̀. Ọ̀dọ̀ ilé ìwòsàn kan náà ni gbogbo àwọn aláìsàn padà wá. Ẹni tí ó ń ka àwọn tí ń ráhùn kò ní láti kúrò nínú ọgbà kan.

Òṣùwọ̀n wà tí a lè fi ka irú iṣẹ́ yìí, kì í ṣe àwámárìídìí. Láti 1998 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dámọ̀ràn pé nínú 100 ojú tí a yọ katarákítì rẹ̀, ó kéré tán 80 ni kí ó ríran dáadáa pẹ̀lú gíláàsì tí aláìsàn ní lọ́wọ́, kí ó sì má ju 5 lọ tí kò ní lè ka lẹ́tà ńlá kan ṣoṣo tí ó wà lókè pátákó ìwọnjú. Kò gba ẹ̀rọ olówó iyebíye. Pátákó ìwọnjú kan, ìwé ńlá kan, bírò kan, àti àṣà pé a ó pe aláìsàn padà ní ọjọ́ kejì, ní ọ̀sẹ̀ kejì àti ní oṣù kejì, tó. Ìwádìí orílẹ̀-èdè wa kan náà fi hàn pé ojú tí a ṣe iṣẹ́ abẹ òde òní fún pàápàá, tí kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ ìta, kò dé òṣùwọ̀n 80 yìí rárá. Kì í ṣe ọwọ́ dókítà nìkan ni ó fà á. Lẹ́ǹsì tí agbára rẹ̀ kò bá ojú mu àti gíláàsì tí a kò kọ lẹ́yìn iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ohun tí a lè tún ṣe ni wọ́n, bí a bá mọ̀ pé wọ́n wà.

Àwọn dókítà kan yóò dá mi lóhùn, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọn yóò ní bí olùbẹ̀wò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú tí ó bàjẹ́, kò sí ẹni tí yóò gba arúgbó tí katarákítì rẹ̀ ti le bí òkúta mọ́, tàbí ẹni tí glaukómà ti jẹ ìdajì ìríran rẹ̀ kí ó tó wá. Wọn yóò máa ṣa ojú tí ó rọrùn, àwọn tálákà tí ó pẹ́ nílé yóò sì padà sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí iye yìí jẹ́ ohun tí a ó fi ti ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Kí olùbẹ̀wò béèrè pé kí a ṣí ìwé náà ni mo fẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń béèrè pé kí a ṣí ẹ̀rọ omi. Ilé tí kò bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ rárá ni kí ara fu ú sí, kì í ṣe ilé tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú mẹ́ta bàjẹ́ lọ́wọ́ òun lọ́dún yìí.

Ìjọba fúnra rẹ̀ kò yọ sílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí. Láyé Bọ́lá Tinúbú, tí ó ṣe gómìnà Èkó láti 1999 sí 2007, ni ètò ìtọ́jú ojú ọ̀fẹ́ tí a ń pè ní Jìgí Bọ́lá gbòde, orúkọ tí ó dùn-ún pè, tí kò sì jẹ́ kí a gbàgbé ẹni tí ó ni ọrẹ. Lẹ́yìn tí ó di ààrẹ ní 2023, ìjọba Babájídé Sanwó-Olú jí orúkọ náà dìde. Ohun tí a máa ń kéde nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, níbi gbogbo láyé, ni iye gíláàsì tí a pín àti iye ojú tí a fi abẹ kàn. Ẹni tí yóò bá ka iye tí ó ríran ní oṣù kẹta lẹ́yìn náà kì í sí lórí pèpéle.

Ní Òkókómáíkò, ìṣòro náà tún ní ojú mìíràn, èyí tí Taunton kò ní. Ọkọ̀ ojú irin Èkó tí a ṣètò pé yóò ti Marina dé Òkókómáíkò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Mile 2 ni ó sì dé nígbà náà. Ká ní aláìsàn kan tí a ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ní ilé ìtọ́jú aládàáni kan jí ní òru ọjọ́ kẹrin, tí ojú náà ń ro ó. Bóyá kò ní padà síbi tí a ti ṣe é, nítorí ìtìjú, ìbínú tàbí owó. Ọmọ rẹ̀ yóò wá ọkọ̀ dé Mile 2, yóò sì gbé e dé Ìdí-Àràbà bí ilẹ̀ bá mọ́. Ní LUTH, tí ó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, a ó fún un ní káàdì tuntun, a ó sì kọ ojú rẹ̀ sínú ìwé ibẹ̀. Nínú ìwé ilé ìtọ́jú tí ó ti wá, orúkọ rẹ̀ yóò ṣì wà láàrin àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún tí kò sí ìyọnu. Nígbà tí olùbẹ̀wò láti Alausa bá dé, ìwé kejì yìí ni a ó ṣí fún un, nọ́ńbà káàdì Ìdí-Àràbà kò sì sí nínú rẹ̀.